Ta Ló Ṣí Omi Gbígbóná?

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kejì

Ìyá mi kékeré,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú òtútù. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí n má pa á pọ̀ mọ́ tèmi, nítorí ọjọ́ tí mo pa á pọ̀, tèmi nìkan lo dáhùn. Àlàáfíà la wà, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi òróró sí. Ó ní kí n má kọ ìyẹn. Mo ti kọ ọ́.

Ó di oṣù méjì àti ọjọ́ mẹ́fà tí lẹ́tà rẹ ti dé kẹ́yìn. Èmi ò ka ọjọ́ o, ìyá rẹ ló ń kà á. O ní kí n máa gba ìpè lórí fóònù. Ọmọ mi, ogójì ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fá pákó ti jẹ etí mi tán. Nígbà tí o pè lẹ́ẹ̀kan, o ní o ra aṣọ òtútù, èmi gbọ́ pé òtútù ti dá ọ dùbúlẹ̀. Mo ti kó gbogbo ilé sínú àdúrà kí ìyá rẹ tó là mí lọ́yẹ̀. Lẹ́tà ni kí o máa kọ. Lẹ́tà kì í pariwo, kì í sì í gé mọ́ ènìyàn lẹ́nu.

Kíláàsì ìrìbọmi tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ti di ènìyàn mẹ́sàn-án. Ẹ̀kọ́ ìgbọràn la wà. Mo sọ fún wọn pé ojú pákó tí àlejò ń rí kọ́ ni Olúwa ń wò, ẹ̀yìn rẹ̀ tó kọjú sógiri ló ń wò. Mo wá fi ọ́ ṣàpẹẹrẹ: bí o ṣe fọ́ gíláàsì kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà mi nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, tí o gba àárín àwọn ènìyàn kọjá wá bá mi, tí o ní, "Bàbá, èmi ni." Inú wọn dùn sí i.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀ nílé, fi sáńpépà tó kúnná rán an sí mi. Èyí tí wọ́n ń tà níbí, bí ẹni fi òkúta ha ara ni.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo sì kúnlẹ̀ kí màámi lọ́tọ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Kì í ṣe ìgbàgbé.

Ẹ ní kí n máa sọ bí iṣẹ́ ṣe rí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí mo wà yìí, àjà mẹ́ta ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ gùn, ọṣẹ àti oògùn ló sì ń rùn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Àwọn mẹ́rìnlá ló wà ní àjà tiwa. À ń wẹ̀ wọ́n, à ń wọṣọ fún wọn, à ń fún wọn lóúnjẹ. Mo ti fún ọ̀kan nínú wọn ní orúkọ láàárín ara mi, Bàbá Atukọ̀, nítorí pé ọkọ̀ tó ń gbé èrò kọjá odò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Láràárọ̀ ló máa ń bi mí bóyá odò ti kún. Bí mo bá ní ó ti fà, á ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wọlé."

Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wá láti ilẹ̀ mìíràn, kò sì tíì gbọ́ èdè ibí dáadáa. Bí wọ́n bá sọ nǹkan tí kò yé e, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ẹlẹ́rìn-ín ni mò ń pè é.

Bàbá, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ lóṣù yìí. Wọ́n ti dá ẹnì kan dúró, ó sì kan èmi náà. N kò lè kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣáà máa gbàdúrà fún mi.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹta

Ìyá mi kékeré,

Lẹ́tà rẹ dé, kò sì jẹ́ kí a jókòó. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọmọ ènìyàn bá ti ń gòkè, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀ dè é. Èmi àti ìyá rẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, mo dìde nínú ìjọ, mo ní wọ́n ń ṣe inúnibíni sí ọmọ mi níbi iṣẹ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Gbogbo ìjọ nawọ́ sókè. A ní kí Olúwa tú àṣírí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, kí ó fi í hàn ní gbangba, kí ó sì mú un kúrò níbẹ̀. Àmín wa lágbára débi pé ẹyẹ fò kúrò lórí òrùlé.

Má dá wọn lóhùn. Máa ṣe iṣẹ́ rẹ bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Kọ̀wé kíákíá kí a lè mọ ìgbà tí a óò ṣe ìdúpẹ́.

Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́: ẹni tí wọ́n dá dúró yẹn, ta ni? Mo ní kò kàn wá. Ó ní kí n ṣáà bi ọ́.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ará ìjọ kí wọ́n dá àdúrà yẹn dúró. Kò sí ọ̀tá kankan níbí. Bí Ọlọ́run bá dáhùn rẹ̀ bí ẹ ṣe gbà á, orí mi ló máa bọ́ lé.

Èmi ni, Bàbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù Kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, èmi ni mo ṣí omi ìwẹ̀ Bàbá Atukọ̀. Òfin ilé ni pé ẹni tó bá ṣí omi gbọ́dọ̀ fi òṣùwọ̀n sínú rẹ̀ láti mọ bó ṣe gbóná tó, kí ó kọ ohun tó rí sínú ìwé tó wà lára ògiri, kí ó sì fọwọ́ sí i. N kò wọ̀n ọ́n. N kò tilẹ̀ ti ìka bọ̀ ọ́. A ti pẹ́, ó ku ènìyàn mẹ́ta tí a ò tíì wẹ̀. Gbígbóná ni mo ṣí, mo rò pé mo ti ṣí tútù mọ́ ọn. Agogo dún ní yàrá kejì, mo jáde, mo sì sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà pé omi ti ṣe tán. Ó gbé ẹsẹ̀ bàbá sínú omi náà nítorí pé ó gbà mí gbọ́.

Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bó.

Nígbà tí ọ̀gá wa obìnrin sáré dé, Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló bá níbẹ̀. Ó da ìbéèrè bò ó. Ẹ̀rù ń ba obìnrin náà, ìbéèrè ò yé e, ló bá ń rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wo ẹ̀rín yẹn, ó wo ẹsẹ̀ tó bó, ó ní irú ènìyàn wo rèé. Wọ́n dá a dúró lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó kàn mí, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Níbo lo wà?" Mo ní mo wà ní yàrá kejì. Òótọ́ ni, Bàbá. Nínú gbogbo irọ́ tí mo ti pa láyé, kò sí èyí tó burú tó òótọ́ yẹn.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún ni wọn yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá dá Ẹlẹ́rìn-ín lẹ́bi, wọn ò ní jẹ́ kí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ́ níbikíbi. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lọ, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà. Oṣù méjì péré ni wọ́n ń fún ènìyàn láti rí òmíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́.

Láràárọ̀ ni mo ṣì ń fún Bàbá Atukọ̀ lóúnjẹ. Ó ṣì ń bi mí bóyá odò ti kún. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń kọrin, mo sì ń gba àkàrà Olúwa. Ẹ yọ mí kúrò nínú àpẹẹrẹ yín. Ẹni tó fọ́ gíláàsì tó sì wá jẹ́wọ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, kò ní ìwé ìgbélùú.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ sọ ohun tí n óò ṣe.

Ọmọ yín

*

Ogúnjọ́, oṣù Kẹrin

Ọmọ mi,

Mo ti ka lẹ́tà rẹ. N kò fi han ìyá rẹ.

Fara balẹ̀, kí o gbọ́ mi. Ọlọ́run tó ń wo inú mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. O ti bẹ̀ ẹ́, ó ti gbọ́. Ohun tó bá ti wà láàárín ènìyàn àti Ẹlẹ́dàá rẹ̀, kò di dandan kí a gbé e síwájú tábìlì àwọn ọ̀gá. Bàbá náà ò kú. Obìnrin yẹn yóò rí iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó lẹ́rìn-ín lẹ́nu, ilẹ̀kùn kì í pẹ́ ṣí fún un. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìbéèrè, dáhùn. Ohun tí wọn ò bi ọ́, má sọ ọ́. Ọgbọ́n wà nínú ìdákẹ́jẹ́.

Ìwọ nìkan la bí. Wákàtí méjì ni mo lè dúró nídìí pákó lóòjọ́ báyìí kí ẹ̀yìn mi tó gan. Ro ìyẹn náà mọ́ ọn.

Dáná sun lẹ́tà yìí.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kẹta, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Bí lẹ́tà mi ti oṣù tó kọjá bá ti dé ọwọ́ rẹ, má ṣe ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tíì dé, má ṣí i.

Ìyá rẹ ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, fóònù rẹ kò lọ. Mò ń kọ èyí, mo sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó pẹ́ dé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo dúró níwájú kíláàsì. Ìgbọràn tó ń náni ní nǹkan ni àkọlé ẹ̀kọ́ náà. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sára pátákó. Ọ̀gbẹ́ni kan wà níbẹ̀ tó ń ṣe táyà ọkọ̀ lójú títì, kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó nawọ́, ó ní, "Bàbá, bí ìgbọràn bá máa gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹni ńkọ́?" Mo lanu. Ohun tí mo ti ń sọ fún ọgbọ̀n ọdún wà lórí ahọ́n mi, gbogbo rẹ̀ pé. Kò jáde. Mo ní kí a gbàdúrà ìparí, kíláàsì kò sì tíì tó ìdajì.

Nígbà tí mo délé, ìyá rẹ ń ká aṣọ. Ó wo ojú mi, ó ní kí n jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti omi gbígbóná, ti obìnrin yẹn, ti lẹ́tà tí mo kọ. Kò pariwo. Ó ká aṣọ náà tán, ó tò ó, ó wá ní, "Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀nà Ọlọ́run. Ọmọ tiyín béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan péré."

Mo ní kí ó pè ọ́ lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo wà lọ́jà, èmi náà ni mo sì fi ọwọ́ ara mi yí orí ọmọ. Ẹ̀rù ló bà mí, ọmọ mi. Mo fi Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bo ẹ̀rù náà bí a ṣe ń kun pákó tí ikán ti jẹ. Mo ti sọ fún pásítọ̀ pé n kò ní kọ́ni mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó béèrè ìdí, mo sì sọ ọ́ fún un.

Lọ sọ òótọ́. Bí wọ́n bá ní kí o kúrò, máa bọ̀ nílé. Ojú ò ní tì mí láti wá pàdé rẹ. Èyí tó ń tì mí lójú ni lẹ́tà yẹn.

Bàbá rẹ

*

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí màámi.

Lẹ́tà yín ti ogúnjọ́ dé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n jókòó. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta nínú yàrá mi, mò ń wá bàbá mi nínú rẹ̀. Mo ti pa fóònù láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé sí yín, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé n kò fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni láti ilé.

Ẹ má bínú. Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi, n kò tíì kọ̀ sí yín lẹ́nu nínú ohun tó tóbi. Ní ọjọ́ kẹwàá, mo kọ̀ sí yín lẹ́nu.

Kí n sọ òótọ́, n kò tíì pinnu nígbà tí mo wọ yàrá náà. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa jókòó, àwọn ọkùnrin méjì wá láti olú ilé iṣẹ́, ọmọ Bàbá Atukọ̀ ọkùnrin sì wà níkangun. Ẹlẹ́rìn-ín wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ògbufọ̀ kan jókòó tì í. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bi í pé, "Ta ló ṣí omi gbígbóná?" Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní, "Mi ò mọ̀."

Bàbá, ó mọ̀. Èmi ni mo jáde nínú yàrá ìwẹ̀ yẹn bó ṣe ń wọlé. Kò wo ojú mi, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Lọ́jọ́ náà, kò rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni mo ṣí i. N kò wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo sọ fún un pé omi ti ṣe tán." Ohùn mi kéré débi pé wọ́n ní kí n tún un sọ. Ìkejì nira ju ìkíní lọ.

Ọmọ Bàbá Atukọ̀ ní, "Oṣù mẹ́ta. O ń fi ṣíbí bọ́ bàbá mi fún oṣù mẹ́ta." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní kí ó dárí jì mí. Ó ní òun ò lè ṣe é, ó sì jáde. N kò dá a lẹ́bi.

Wọ́n ti fún mi ní ìwé pé kí n má wá mọ́. Wọn ò jẹ́ kí n dágbére fún Bàbá Atukọ̀. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù méjì náà.

Àwọn ènìyàn máa ń jẹ́rìí pé bí àwọn ti jẹ́wọ́ ni ọkàn àwọn fúyẹ́. Tèmi kò tíì fúyẹ́. Inú ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí yín, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀. N kò dáná sun lẹ́tà yín. Ó wà nínú àpótí mi.

Ọmọ yín

*

Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ kìíní oṣù yìí. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ fèsì. Mo jókòó tì í nígbà márùn-ún, ohun tí mo bá kọ á sì dà bí ìwàásù, mo sì ń ya á. Ìyá rẹ ní kí n yé fi bébà ṣòfò, kí n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo gbàṣẹ lọ́wọ́ pásítọ̀, mo sì lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. N kò dúró níwájú. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe táyà àti ìyá àgbà kan. Mo ní mo jẹ wọ́n ní gbèsè ìdáhùn sí ìbéèrè kan. Mo wá sọ fún wọn nípa ọmọ kan tó ṣí omi, ohun tó bẹ̀rù, àti ohun tó padà ṣe. N kò dárúkọ rẹ̀. Mo sọ fún wọn nípa àgbàlagbà kan tí ọmọ náà bi léèrè, tó sì ní kí ó dákẹ́. Mo dárúkọ ẹni yẹn. Mo ka ohun tí mo kọ sí ọ fún wọn, gbólóhùn kan tẹ̀lé òmíràn, bí mo ṣe rántí rẹ̀, títí dé orí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rín obìnrin náà. Ibẹ̀ ló le jù lọ láti kà.

Mo ní mo ti rò pé ìwà Kristi jẹ́ ohun tí ènìyàn ń kọ́ sórí, bí orúkọ igi. Mo ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i pé ìgbà tí a bá gbọ́ràn níbi tó ti ń dunni ló ń wọ inú ẹni, díẹ̀díẹ̀, àti pé èmi kò tíì jẹ́ kí ó dun mí tó.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe táyà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ náà, ǹjẹ́ ó kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́?" Mo ní n kò mọ̀, mo ní n óò bi í.

Mo bi ọ́ báyìí. Mo sì bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Má fi kánjú ṣe é nítorí pé mo jẹ́ bàbá rẹ. Ìgbà tó bá tó, ni kí o ṣe é.

Ìyá rẹ ti gbá yàrá rẹ. Ó ní kì í ṣe pé òun ń gbàdúrà kí o padà wá o, òun kàn gbá a ni.

Bàbá rẹ

*

Ogúnjọ́, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí màámi, mo sì kí orúnkún rẹ̀.

Lẹ́tà tí ẹ fi ní kí n lọ sọ òótọ́ dé ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí mo ti sọ ọ́. Mo kà á, mo sì sunkún, nítorí pé bàbá mi wà nínú ìyẹn. Ìgbà tó tó ti tó, Bàbá. Mo ti dárí jì yín, ó sì ti kúrò lọ́kàn mi.

Mo ti ríṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí oṣù méjì náà pé nígbà tí mo rí i. Ibi mẹ́ta ló kọ́kọ́ bi mí ìdí tí mo fi kúrò níbi tí mo wà, mo sọ ọ́ fún wọn, wọ́n sì ní kí n máa lọ. Ní ibi kẹrin, obìnrin náà kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀, ó ní wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan aláìsàn, ṣùgbọ́n àyè wà níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Ibẹ̀ ni mo wà báyìí. Bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì la ń fọ̀, tí a sì ń ká, láti àárọ̀ títí ọwọ́ á fi bó. Iṣẹ́ náà rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì le jù ú lọ.

Wọ́n ti gba Ẹlẹ́rìn-ín padà. Ó wá mi wá ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. N kò mọ ohun tí n óò sọ, mo ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Mo wá bi í ìdí tó fi ní òun kò mọ ẹni tó ṣí omi. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú èdè ibí títí ó fi rí i. Ó ní, "Mò ń dúró dè ọ́."

Ó ní bàbá ti ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò tíì dárí jì mí. Mò ń gbàdúrà fún un, n kì í sì í bẹ Ọlọ́run pé kí ó yára.

Ẹ sọ fún ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣe táyà pé mo kábàámọ̀ òṣùwọ̀n tí n kò fi sínú omi, mo sì kábàámọ̀ oṣù mẹ́ta tí mo fi dákẹ́ ju ìyẹn lọ. Èyí tí mo sọ, n kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má rò pé mo ti di ẹni mímọ́. Nígbà mìíràn, tí omi ọṣẹ bá ti wọ ibi tí ọwọ́ mi ti bó, mo máa ń rántí iṣẹ́ mi àtijọ́, inú mi á sì bàjẹ́.

Lánàá, mo ń lọ aṣọ dókítà kan, mo fi etí áyọ́ọ̀nù já bọ́tìnì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi; aṣọ bíi igba ló wà nílẹ̀. Kí n tó ro nǹkan kan rárá, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi dé iwájú ọ̀gá, mo sì ń fi bọ́tìnì náà hàn án. Àyà mi ò já. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú, mo jókòó, mo rán an padà.

Ọmọ yín